Curitiba: Ìlú Tó So Ọ̀nà, Omi àti Ìdọ̀tí Pọ̀

Ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni àkókò ti ń ṣòfò jù láàárín ìlú. Ẹ wò ó nígbà tó bá dúró ní ibùdókọ̀: ẹnì kan ń wá ṣéńjì, ìyá àgbàlagbà ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn, abiyamọ ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó wà nílẹ̀, kọ̀ǹdọ́ ń pariwo pé kí àwọn tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ tètè bọ́, àwọn tó fẹ́ wọlé sì ti dí ojú ọ̀nà. Bí èyí bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, tí ọkọ̀ sì dúró ní ogún ibùdókọ̀, wákàtí kan ti bá a lọ láìjẹ́ pé táyà yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1991, ìlú Curitiba, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Paraná ní gúúsù Brazil, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdókọ̀ onídígí kan tó rí roboto, tó sì gùn gbọọrọ. Wọ́n gbé e ga kúrò nílẹ̀ títí ilẹ̀ inú rẹ̀ fi bá ilẹ̀ inú ọkọ̀ dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ yóò gun àtẹ̀gùn díẹ̀ wọ inú ibùdókọ̀ náà, tàbí kí ó gba ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé àwọn oníkẹ̀kẹ́ arọ sókè. Yóò sanwó fún òṣìṣẹ́ tó jókòó lẹ́nu géètì, yóò sì dúró síbẹ̀ láìsí pé òjò tàbí oòrùn ń pa á. Bí ọkọ̀ bá dé, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, irin pẹlẹbẹ yóò ṣubú láti ara ọkọ̀ sí etí ibùdókọ̀, àwọn kan yóò máa jáde, àwọn kan yóò máa wọlé, ẹsẹ̀ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọkọ̀ ti lọ.

Ọdún kejì, 1992, ni ọkọ̀ tó bá ibùdókọ̀ yìí mu jù lọ dé: ara mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, tí ìsopọ̀ wọn ń ká tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà, ilẹ̀kùn márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àyè fún èrò 270. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà. Mọ́tò aládàáni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ń sọ ìtàn Curitiba, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí, nítorí pé dígí náà wuyì nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá kọ́ irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí láìṣe nǹkan mìíràn sí i, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò. Ohun tó mú Curitiba yàtọ̀ láàárín àwọn ìlú tó ń sapá láti má ba ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ wọn jẹ́ ni pé wọn kì í dá iṣẹ́ kan ṣe lọ́tọ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, ẹni tó ń la ọ̀nà, ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, ẹni tó ń bá omíyalé jà, ìwé ètò kan náà ló wà níwájú gbogbo wọn. Ohun tí ọ̀kan bá ṣe ló ń mú kí ẹrù èkejì fúyẹ́.

Ìwé náà ti pẹ́. Ní 1960, àwọn tó ń gbé Curitiba tó bí 360,000; nígbà tó fi máa di 1970, wọ́n ti lé ní 600,000. Ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lóko Paraná, ìlú ni wọ́n sì ń wọ́ bọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ohun tí àwọn ìlú ńlá mọ̀ sí ìlọsíwájú ni kí wọ́n wó ilé àtijọ́, kí wọ́n fẹ títì, kí wọ́n gbé afárá lórí ara wọn, kí mọ́tò lè máa sáré. Wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí àárín ìlú Curitiba náà. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé kan, tí Jaime Lerner wà lára wọn, ta kò ó. Ní 1965, ìlú dá ilé-iṣẹ́ ètò ìlú tí wọ́n ń pè ní IPPUC sílẹ̀. Ètò àgbà tí wọ́n ṣe di òfin ní 1966. Lerner fúnra rẹ̀ di méyọ̀ ní 1971, ó tún padà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣe gómìnà Paraná lẹ́yìn náà. Ó kú ní 2021.

Ìdí ètò yẹn kò lọ́jú pọ̀: ibi tí èèyàn bá ń gbé ló ń pinnu bí yóò ṣe máa rìn. Bí ilé bá fọ́n ká sí gbogbo igun, bọ́ọ̀sì yóò rìn jìnnà kó tó rí èrò mẹ́wàá, yóò sú awakọ̀, bọ́ọ̀sì kò ní wá mọ́, kálukú yóò sì wá owó ra mọ́tò tirẹ̀. Èéfín àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ará IPPUC fa ìlà gígùn láti àárín ìlú lọ sí ẹ̀yìn odi, ìlà náà sì di márùn-ún nígbà tó yá. Òfin wá sọ pé ẹ̀bá àwọn ìlà wọ̀nyí nìkan ni ilé gíga gogoro yóò wà, ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì nísàlẹ̀, ibùgbé lókè. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí ìlà, bẹ́ẹ̀ ni gíga ilé tí òfin gbà ń dínkù, títí a ó fi kan àdúgbò tó jẹ́ pé ilé ilẹ̀ àti ilé alájà kan ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbi gíga kan ní Curitiba lónìí lè fi ìka tọ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì láìrí bọ́ọ̀sì kankan, nítorí àwọn ilé gíga ti tò tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀nà tó gba àárín àwọn ilé wọ̀nyí kọjá, mẹ́ta ni. Ní àárín gbùngbùn ni títì tí bọ́ọ̀sì kìákìá ní ojú ọ̀nà méjì tirẹ̀, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ni ojú ọ̀nà tóóró tí mọ́tò àwọn tó ń gbé àdúgbò àti àwọn tó wá rajà ń rọra gbà. Bí èèyàn bá kọjá ọ̀wọ́ ilé kan sí apá ọ̀tún, yóò bá títì mìíràn tó jẹ́ pé kìkì mọ́tò tó ń wọ àárín ìlú ló ń gbà á. Tó bá kọjá ọ̀wọ́ ilé kan sí apá òsì, yóò bá èyí tí àwọn tó ń jáde ń gbà. Wọn kò wó ilé rẹpẹtẹ láti fẹ títì kan ṣoṣo kó tóbi. Títì tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pín iṣẹ́ fún. Bọ́ọ̀sì kìákìá àkọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà rẹ̀ ní 1974. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń gbẹ́ kìlómítà kan lábẹ́ ilẹ̀ lè ṣe ọ̀pọ̀ kìlómítà ọ̀nà bọ́ọ̀sì lórí ilẹ̀, Curitiba kò sì ní irú owó bẹ́ẹ̀.

Ó ku onílẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ẹni tó ní igbó kékeré sí àdúgbò kan, tàbí ẹni tó jogún ilé ayé àtijọ́ tó lẹ́wà, tí òfin wá sọ pé kò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wó ilé rẹ̀ láti kọ́ èyí tó ga? Inú onítọ̀hún kò lè dùn, bí kò bá sì dùn, òru ni yóò gé igi náà. Ohun tí Curitiba ṣe ni pé ó jẹ́ kí ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àjà mélòó kan tí ì bá kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn, ó lè tà á fún ẹni tó ń kọ́lé sẹ́bàá ọ̀nà bọ́ọ̀sì, kí ìyẹn fi kún gíga ilé tirẹ̀. Onígbó gbowó, igbó sì dúró. Ilé tó ga sí i lẹ́bàá ọ̀nà mú èrò kún bọ́ọ̀sì. Ìlú kò sì san owó gbà-má-bìínú fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ètò ìlú náà, èyí ló wù mí jù, nítorí pé ó wo ojú onílẹ̀, ó sì mọ̀ pé òfin tó bá sọ èèyàn di òtòṣì kì í pẹ́.

Owó ọkọ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ rántí dáńfó wa. Awakọ̀ kò ní gbéra títí ọkọ̀ yóò fi kún, nítorí iye èrò tó gbé ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ó sì ní iye tí yóò jẹ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀ kó tó di alẹ́. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni gbogbo dáńfó yóò rọ́ lọ, wọn yóò máa du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ibi tí èrò kò sí, ilẹ̀ lè ṣú mọ́ èèyàn níbẹ̀. Ní Curitiba, aládàáni ló ni bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní URBS ló ń darí wọn, fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sì jẹ́ pé iye kìlómítà tí ọkọ̀ rìn ni wọ́n fi ń sanwó fún oníbọ́ọ̀sì, láìka iye èrò tó gbé sí. Inú àpò kan ni gbogbo owó èrò ń bọ́ sí, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in. Ìdí tí awakọ̀ fi ń sáré lé èrò ti tán. Ọkọ̀ yóò dé ẹ̀yìn odi ní àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀.

Bákan náà ni iye owó jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó rin kìlómítà méjì láàárín ìlú àti ẹni tó ti ẹ̀yìn odi wá, tó pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iye kan náà ni wọ́n san. Àwọn òtòṣì ló sábà máa ń gbé ọ̀nà jíjìn, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ni agbára wọn ká, àwọn tí ìrìn wọn kúrú sì ń bá wọn ru díẹ̀ nínú ẹrù náà.

Kò sí èyí tó rọrùn láti gbà lára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1972, Lerner fẹ́ ti títì Rua XV de Novembro, tí í ṣe ọkàn ọjà ìlú, mọ́ mọ́tò, kí ó di ti ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù yarí. Wọ́n ní bí mọ́tò kò bá kọjá, ọjà kò ní tà. Ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá falẹ̀, ilé ẹjọ́ lè dá a dúró, nítorí náà alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi òpin ọ̀sẹ̀ yẹn tẹ́ òkúta, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n ri ìjókòó mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà fi ń sọ pé kí wọ́n tì í síwájú sí i, nítorí ẹlẹ́sẹ̀ ló ń yà sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àwọn onímọ́tò kan pinnu láti fi tipátipá wakọ̀ kọjá níbẹ̀, ìdílé àti ọmọ kéékèèké ni wọ́n bá níbẹ̀, tí wọ́n tẹ́ bébà gbọọrọ sílẹ̀, tí wọ́n ń ya àwòrán. Wọ́n padà sílé.

Ibi omi ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìlú púpọ̀ ti ń fi owó ńlá ra wàhálà.

Curitiba wà lórí òkè tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 900 mítà, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ló sì gba inú rẹ̀ kọjá. Kí àwọn ọdún 1970 tó dé, ohun tí wọ́n ń ṣe sí odò ni ohun tí à ń ṣe sí i níbi púpọ̀: wọ́n fi kọ́nkéré há a mọ́, wọ́n bo òmíràn mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́lé sétí rẹ̀. Ohun tí kọ́nkéré ń ṣe fún omi ni pé ó ń mú un sáré. Omi òjò tí ì bá ti rọra rin ilẹ̀, tí ewéko ì bá ti dá dúró, tí iyanrìn ì bá ti fà mu, gbogbo rẹ̀ yóò dé ìsàlẹ̀ odò lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára. Àdúgbò òkè bọ́, ti ìsàlẹ̀ rì. Bí wọ́n bá tún wá fẹ kọ́nkéré ti ìsàlẹ̀, àdúgbò tó tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò kàn.

Owó wà tí ìjọba àpapọ̀ Brazil ń fún àwọn ìlú láti dènà omíyalé. Dípò kí Curitiba fi tirẹ̀ ra kọ́nkéré sí i, ilẹ̀ etídò ló fi rà. Ó gbẹ́ adágún sójú ọ̀nà odò, ó gbin koríko àti igi yí i ká, ó sì sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ọgbà Barigui, tí wọ́n ṣí ní 1972, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Bí òjò ńlá bá rọ̀, adágún ibẹ̀ á kún, omi á bo koríko, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà sáré ìdárayá láàárọ̀ á rì. Kò sí ilé níbẹ̀ tí yóò wó, kò sí ẹrù tí yóò bá omi lọ. Omi yóò jókòó síbẹ̀ fún àkókò díẹ̀, odò yóò sì máa rọra gbé e lọ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹran capivara, tó dà bí ọ̀yà tó tóbi tó ajá ńlá, ń jẹ koríko létí omi láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìlú tún kó agbo àgùntàn sínú ọgbà láti máa jẹ koríko, kó lè dín iṣẹ́ ẹ̀rọ àti epo tó ń jó kù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọgbà sí i nìyẹn. Àwọn kòtò tí àwọn afọ́kúta fi sílẹ̀ náà kò bọ́: ọ̀kan di ilé eré onídígí àti onírin tí wọ́n ń pè ní Ópera de Arame ní 1992, òmíràn di ọgbà Tanguá ní 1996. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilẹ̀ eléwéko tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlú náà kò tó mítà onígun mẹ́rin kan. Ó ti lé ní 50 lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aráàlú ń pọ̀ sí i ní gbogbo àkókò yẹn. Wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan àti 700,000 báyìí.

Àmọ́ ọgbà kò lè gba ilẹ̀ etídò tí àwọn òtòṣì ti kọ́ ilé páńpẹ́ẹ́pẹ́ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ti wọlé. Àwọn àdúgbò wọ̀nyí kún fún ọ̀nà tóóró àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀. Inú odò tàbí orí ilẹ̀ gbalasa ni ìdọ̀tí wọn ń bọ́ sí, eku ń bí síbẹ̀, àìsàn tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi sì ń mú ọmọdé. Ẹni tó bá ń ṣe ètò ìlú láti inú ọ́fíìsì lè pinnu láti fi ọlọ́pàá lé wọn, tàbí kí ó wó àdúgbò náà láti la títì fún ọkọ̀ akólẹ̀. Curitiba ro ó lọ́nà mìíràn: bí ọkọ̀ kò bá lè dé ọ̀dọ̀ ìdọ̀tí, kí ìdọ̀tí máa bọ̀ wá bá ọkọ̀, kí ẹni tó gbé e wá sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1989 ni ìlú ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìdọ̀tí tí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò pín tirẹ̀ sí méjì: èyí tó ń jẹrà lọ́tọ̀, bébà, páálí, ike, ìgò àti agolo lọ́tọ̀. Ilé ìwé ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà gbà. Wọ́n ṣe àwòrán ìdílé kan tó jẹ́ pé ewé ni gbogbo wọn, àwọn ọmọ kọ́ ọ, wọ́n sì lọ ń ṣọ́ àwọn òbí wọn nílé. Ẹni tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀ pé kò sí ọlọ́pàá tó le tó o. Ní 1991, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ètò pàṣípààrọ̀ fún àwọn àdúgbò òtòṣì, Câmbio Verde.

Báyìí ló ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ọkọ̀ ìlú méjì yóò wá dúró síbi kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀: ọ̀kan ṣófo, ọ̀kan gbé oúnjẹ. Àwọn èèyàn yóò tò, àwọn obìnrin pẹ̀lú àpò ọ̀rá ńlá léjìká, ọmọkùnrin pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù, arúgbó pẹ̀lú páálí tí ó so mọ́ra. Òṣìṣẹ́ yóò gbé ohun tí kálukú mú wá sórí òṣùwọ̀n, yóò kọ iye kílò rẹ̀. Kílò mẹ́rin páálí tàbí ike tàbí irin jẹ́ kílò kan oúnjẹ tútù. Òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan, lítà méjì fún kílò kan. Kábéèjì, ọ̀dùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn, ohunkóhun tó bá gbó lóko ní àkókò yẹn.

Oúnjẹ yẹn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó wà láyìíká ìlú. Nígbà tí irè bá pọ̀ jù lọ́jà, tí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀ débi pé owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délùú ju owó tí yóò pa lọ, oko ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń jẹrà sí. Ìlú ra èyí tó ṣẹ́kù yẹn. Ẹ wo iye nǹkan tí kábéèjì kan ṣe: àgbẹ̀ kò pàdánù, ọmọ jẹ ẹ̀fọ́, odò bọ́ lọ́wọ́ ike, eku kò rí ibi sá pamọ́ sí, ọkọ̀ akólẹ̀ kò ní láti wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí wọ́n bá fi ètò yìí fún ẹ̀ka ìdọ̀tí nìkan láti ṣírò, wọ́n lè sọ pé owó rẹ̀ pọ̀ ju iye tí páálí náà tó lọ. Bí wọ́n bá ka owó ilé ìwòsàn, owó gbígbẹ́ odò àti oúnjẹ ọmọ mọ́ ọn, ìṣírò á yí padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń kùnà nìyẹn: àpò ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sì sí ẹni tó ń rí èrè tó bọ́ sínú àpò ẹlòmíràn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìlú náà ti dé Párádísè. Àwọn tó ń ti ẹrù páálí kiri ní títì, tí wọ́n ń ṣa ohun tó ṣeé tà kí ọkọ̀ ìlú tó dé, ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ìlú sì pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń rí nídìí rẹ̀ lọ. Odò Iguaçu tó ń gba omi ìlú àti àwọn ìlú ìtòsí rẹ̀ wà lára àwọn odò tó dọ̀tí jù ní Brazil. Ààtàn Caximba, tí wọ́n ṣí ní 1989, kún, wọ́n sì tì í ní 2010. Ní 2023 wọ́n tẹ́ páńẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná lára oòrùn sórí òkè ìdọ̀tí náà, èyí tó dára, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ìlú ṣì ń wá ilẹ̀ mìíràn lọ. Bọ́ọ̀sì ń kún àkúnjù láàárọ̀, owó ọkọ̀ gòkè, àwọn tó rí owó ra mọ́tò sì rà á. Curitiba wà lára àwọn olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí mọ́tò pọ̀ sí jù ní Brazil tí a bá fi iye èèyàn pín in.

Ẹ̀yìn odi ló tún fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Òfin ilé kíkọ́ Curitiba kò kọjá ààlà rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ inú ìlú wọ́n, àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká ni àwọn òtòṣì kọjá sí, níbi tí kò ti sí ìlà, tí kò sí ètò, tí ilé sì ń wọ ilẹ̀ àwọn odò tí gbogbo wọn ń mu omi rẹ̀. Ìlú tó bá tún ara rẹ̀ ṣe títí dé ààlà, tí kò sì bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn kejì ló ṣí sílẹ̀.

Ó sì yẹ ká sọ bí agbára ṣe bọ́ sọ́wọ́ Lerner. Ìjọba ológun ló wà ní Brazil ní 1971, yíyàn ni wọ́n yàn án, kì í ṣe ìbò. Títì tí wọ́n sọ di ti ẹlẹ́sẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí kò ní wá ìbò ló lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń tọ́ka sí èyí láti sọ pé ìlú kò lè dára láìsí ọwọ́ líle. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìbò ló gbé e wọlé ní 1988, ẹ̀yìn ìgbà náà sì ni ètò ìdọ̀tí, ibùdókọ̀ onídígí àti ọ̀pọ̀ ọgbà dé. Ó ṣeé ṣe láti fi àṣẹ la títì. Kò sí àṣẹ tó lè mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá ilé máa ya agolo sọ́tọ̀ kúrò lára èèpo ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́. Àfi tí wọ́n bá rí i pé ó ṣe wọ́n láǹfààní.

Èkó bá ìtàn yìí tan ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ. Bogotá ní Kòlóḿbíà kẹ́kọ̀ọ́ lára Curitiba, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò bọ́ọ̀sì kìákìá tirẹ̀, TransMilenio, ní òpin ọdún 2000. Nígbà tí LAMATA, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà ní Èkó, ń múra BRT, bọ́ọ̀sì kìákìá tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, sílẹ̀, lára àwọn ìlú Gúúsù Amẹ́ríkà wọ̀nyí ló ti wo àpẹẹrẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì náà gbéra láti Mile 12 sí CMS, kìlómítà 22, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara. Wọ́n ṣe é ní owó tó kéré. Apá ibi tó pọ̀ ni wọ́n fi kọ́nkéré pín ojú ọ̀nà rẹ̀, apá ibòmíràn ọ̀dà nìkan ni wọ́n fà sílẹ̀, ibi kan sì wà tí òun àti dáńfó jọ ń fìjà gba títì. Síbẹ̀, ẹni tó rántí bí mólúè ṣe ń rìn ní ọ̀nà Ìkòròdú kò ní fojú kéré rẹ̀. Wọ́n fà á dé Ìkòròdú ní 2015.

Ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni Èkó mú wá láti ibẹ̀. Òfin ilẹ̀ tó bá a rìn kò bá a wá. Kò sí ohun tó so gíga ilé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lẹkkí tàbí ní Ajah mọ́ iye èrò tí bọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè gbé. Ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà gbówó lórí nígbà tí BRT dé, àwọn tó ní in jèrè rẹ̀, ayálégbé sì kó ẹrù rẹ̀ lọ síwájú sí i, sí ibi tí bọ́ọ̀sì kò tíì dé. Curitiba rí irú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àfikún gíga ilé fún àwọn akọ́lé lẹ́bàá ìlà, ó ń fi owó náà kọ́lé fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré.

Àǹfààní irú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń ná Marina sí Mile 2 láti 2023, Red Line sì ti ń gbé èrò láàárín Àgbádó àti Oyíǹgbò láti 2024. Ní ọ̀pọ̀ àwọn ibùdókọ̀ yẹn, ilé ilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onípáńù àti gáréèjì ló ṣì wà ní ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí ẹnu géètì. Àwọn tó ń rà wọ́n ti ń rà wọ́n. Iye àjà tí wọ́n lè kọ́ síbẹ̀, ohun tí wọn yóò san fún ìlú lórí àjà kọ̀ọ̀kan, àti iye yàrá tí yóò wà fún olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti aránṣọ nínú ilé náà, ó ṣì ṣeé kọ sínú òfin kí ilẹ̀ wọ̀nyẹn tó tán.